Ta Ni Ẹlẹ́rù?

  

Ọ̀rọ̀ ẹrù ni mo gbé wá. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù kí a tó bá a ké ọfẹ́. Ẹni tó bá ti ná ọjà Bódìjà rí mọ ohun tí òwe yìí ń wí. Bí àpò ẹ̀wà bá wà nílẹ̀, tí èèyàn mẹ́wàá yí i ká, tí oníkálukú ń retí ẹni tó máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ ni àpò náà máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ín bá bẹ̀rẹ̀, tó di etí àpò mú, ẹ ó rí bí àwọn tó kù ṣe máa sáré wá kín in lẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lálẹ́ òní ni pé, nígbà tí ìjọba bá gbé iṣẹ́ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ará ìlú, ta ni ẹlẹ́rù?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Amẹ́ríkà, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2013. Ọjọ́ náà ni ìjọba Ààrẹ Barack Obama ṣí ìkànnì kan tí wọ́n ń pè ní HealthCare.gov. Òfin tó bí i ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2010. Ohun tí òfin náà wí ni pé kí àwọn tí ibi iṣẹ́ wọn kò fún ní adójútòfò ìlera lè rà á fúnra wọn, kí ìjọba sì bá ẹni tí owó rẹ̀ kò tó san lára rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá wù ú lè kọ́ ìkànnì tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ 36 ló gba ọ̀nà ìjọba àpapọ̀. Texas wà nínú wọn, Georgia náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn ará wa tó wà ní Houston àti Atlanta, ẹni tó ń wa takisí, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó nílé onílé, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wọn máa gbà.

Ilẹ̀ mọ́. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ló kan ilẹ̀kùn ìkànnì náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn aṣòfin gbé àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn tó ń bójú tó o jáde lẹ́yìn náà, a sì rí iye àwọn tó wọlé, tí wọ́n ra ohun tí wọ́n wá rà, tí wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èèyàn mẹ́fà ni.

Ẹ fi ọkàn sí ìdí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ẹ ó wo aṣọ, ẹ ó fọwọ́ pa á, ẹ ó béèrè iye. Aláṣọ kò ní bi yín léèrè orúkọ bàbá yín kó tó jẹ́ kí ẹ rí ọjà. Wọ́n ti pète pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìkànnì yìí máa rí, kí ẹni tó bá dé lè wo iye owó láìforúkọ sílẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣí i, wọ́n gbé apá yẹn tì. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ iye owó di ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì, kí ó fi ara rẹ̀ hàn, kí kọ̀ǹpútà sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lóòótọ́ ni ó jẹ́ ẹni tó pe ara rẹ̀. Mílíọ̀nù èèyàn wá fún mọ́ ẹnu ọ̀nà kékeré kan. Ilẹ̀kùn yẹn ló kọ́kọ́ wó.

Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ibi ìwo iye owó yẹn tì? Àjọ tó ń bójú tó àwọn ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní Medicare àti Medicaid ló ni iṣẹ́ náà lórúkọ. Ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó lé ní 30 ló wà lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan kọ́ ibi ìforúkọsílẹ̀, òmíràn kọ́ ibi tí èèyàn ti ń yan adójútòfò, àwọn mìíràn ń wá kọ̀ǹpútà tí yóò gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ìdánwò tí a fi ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀sẹ̀ bíi méjì tó ṣáájú ọjọ́ ìṣíde ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè ṣe é. Nígbà tí wọ́n pe àwọn agbaṣẹ́ṣe síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin lọ́jọ́ 24 oṣù kẹwàá, oníkálukú ló ń ṣàlàyé pé apá tòun ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa sọ òótọ́. Birikílà lè mọ ògiri rẹ̀ dáadáa, káfíńtà lè kan òrùlé rẹ̀ dáadáa, kí òrùlé má sì bá ògiri mu, nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń dúró lójú ilé náà lójoojúmọ́, tó ń wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó máa sùn níbẹ̀.

Ìyáàfin Kathleen Sebelius, tó wà nípò mínísítà ìlera wọn nígbà náà, dé iwájú àwọn aṣòfin lọ́jọ́ 30 oṣù kan náà, ó ní òun ni kí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, torí pé àwọn tó lè sọ irú rẹ̀ kò pọ̀. Síbẹ̀, mínísítà tí ètò rẹpẹtẹ wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè jẹ́ ẹni tó máa mọ̀ pé bọ́tìnì kan kò ṣí. Ẹni tí ẹ̀bi máa já lé lórí lọ́jọ́ ìjàǹbá yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbé ẹrù lójoojúmọ́. Nígbà tó di ọdún 2016, olùyẹ̀wò àgbà fún ilé iṣẹ́ ìlera wọn kọ ìròyìn jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tó sì fi síwájú nínú àwọn ohun tó bà á jẹ́ ni pé kò sí aṣáájú tó ṣe kedere lórí iṣẹ́ náà.

Ẹni tó ń gbé ẹrù lójoojúmọ́ yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní product owner. Ken Schwaber àti Jeff Sutherland, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì tó gbé ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Scrum wá síta ní ọdún 1995, ló jẹ́ kí orúkọ náà tàn. Wọ́n kọ ọ́ kedere nínú ìwé ìlànà wọn pé èèyàn kan ni, pé ìgbìmọ̀ kò lè ṣe é. Ẹlẹ́rù ni èmi á máa pè é lálẹ́ òní, kó lè yé gbogbo wa.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín ti ń sọ lọ́kàn pé, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Òtítọ́ ni. Ẹlẹ́rù kì í kọ kóòdù, kì í ya àwòrán ìkànnì, kì í sì í ṣe ọ̀gá lórí àwọn tó ń ṣe wọ́n. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó kù láti ṣe, tó tò bí wọ́n ti ṣe pàtàkì sí, èyí tó ṣe pàtàkì jù lókè pátápátá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, òun àti àwọn oníṣẹ́ á jókòó wo ohun tí wọ́n ti ṣe, á sì tún àkọsílẹ̀ náà tò bí ohun tí wọ́n rí bá ti fi hàn. Bí ọ̀gá méjì bá fẹ́ ohun méjì tó ta kora, òun ló máa sọ èyí tó ṣáájú. Bí àwọn oníṣẹ́ bá béèrè pé ṣé kí àwọn ṣe é báyìí tàbí báyẹn, òun ni yóò dáhùn, lọ́jọ́ náà, láìkọ lẹ́tà ránṣẹ́ síbì kankan.

Àti pé òun ni ó máa sọ pé rárá. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti le jù. Ní ilé iṣẹ́ aládàáni, ẹlẹ́rù lè mú oníbàárà tó wù ú, kó fi àwọn tó kù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìjọba kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Afọ́jú máa wá, arúgbó máa wá, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa wá, ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ju èyí tí a fi ń pe ara wa lọ máa wá, kò sì síbòmíràn tí wọ́n lè lọ. Òfin wà lọ́rùn rẹ̀, olùyẹ̀wò owó wà lẹ́yìn rẹ̀, olóṣèlú ti kéde ọjọ́ ìṣíde lórí tẹlifíṣàn kó tó di pé ẹnikẹ́ni bi í bóyá iṣẹ́ ti parí. Gbogbo ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ló sì ní ìbéèrè kan tí wọ́n fẹ́ fi kún fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ka òfin fẹ́ kan, ẹ̀ka ìṣirò fẹ́ méjì, ẹ̀ka ìwádìí fẹ́ mẹ́wàá. Kò sí èyí tó burú nínú wọn tí a bá wò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ rárá yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó kan wà níbẹ̀ tí ìjọba ń san fún ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn tàbí abirùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Carer's Allowance. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham àti Woolwich mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ gùn gan-an nígbà kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn tí ìjọba wọn ti dá Government Digital Service sílẹ̀ ní ọdún 2011, wọ́n mú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bi ara wọn pé kí ni a máa fi ìdáhùn èyí ṣe. Ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe, wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, nǹkan bí ìdajì àwọn ìbéèrè ti lọ. Ẹ ro ti ìyá kan tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, tó jẹ́ òru nìkan ló ń ráyè jókòó, kí ẹ wá wo ohun tí ìdajì yẹn jẹ́ fún un. Àwọn tó yọ àwọn ìbéèrè yẹn ní láti dúró síwájú àwọn ọ̀gá tó fi wọ́n síbẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé a ò nílò wọn mọ́. Ẹni tí kò ní àṣẹ kò lè sọ ọ́. Ẹni tí kò mọ ìyá yẹn kò ní rí ìdí láti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Amẹ́ríkà, torí pé wọ́n tún un ṣe. Ìjọba ní kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeffrey Zients wá darí àtúnṣe náà, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti ìta sì dara pọ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ti wà níbẹ̀. Mikey Dickerson, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Google, ló ń darí ìpàdé wọn. Wọ́n ń ṣe ìpàdé lójoojúmọ́, títí kan òpin ọ̀sẹ̀, Dickerson sì lẹ òfin ìpàdé mọ́ ògiri. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó mọ̀ jù nípa ìṣòro kan ni kó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí ẹ mọ bí òfin yẹn ṣe wúwo tó, níbi tí a ti máa ń dúró kí ọ̀gá sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi máa parí, ìkànnì náà ti lè gba ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn 50,000. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2014, mílíọ̀nù mẹ́jọ ló ti yan adójútòfò, tí a bá ka ti àwọn ìpínlẹ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí Dickerson jẹ́ olórí rẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé ìlànà jáde tó ní kókó 13. Ẹ̀kẹfà nínú wọn ni pé kí wọ́n yan aṣáájú kan ṣoṣo fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó ní àṣẹ láti pinnu, kí ó sì jẹ́ òun ni wọ́n máa bi bí ó bá yọrí tàbí bí ó bá dàrú. Owó ńlá ni wọ́n fi ra ẹ̀kọ́ tó wà nínú gbólóhùn yẹn.

Àwa náà ní ọjà tiwa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà, àṣẹ wá láti Àbújá pé kí gbogbo ẹni tó ní síìmù so nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN rẹ̀ mọ́ ọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ti láìnì náà pa. Ẹ rántí bí ẹnu ọ̀nà àwọn ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń fúnni ní nọ́ńbà náà, ṣe rí nígbà náà, bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń tò láti ìdájí. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, wọ́n tún sún un, títí ó fi di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí ìpè jíjáde lórí àwọn láìnì tí kò so. Èmi kò bá èrò náà jà. Ó yẹ kí ìlú mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti ṣe ìṣirò kan kí wọ́n tó kéde: tábìlì mélòó la ní, èèyàn mélòó ni tábìlì kan lè dá lóhùn lóòjọ́, èèyàn mélòó ló kù? Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò yẹn. Ohun tó nira ni kí ẹnì kan wà tó ní ẹnu láti gbé èsì rẹ̀ lọ síwájú mínísítà.

Kí a má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ orúkọ. Olúwaṣeun lórí ìwé ìbí, Seun lórí BVN ti báńkì, orúkọ ọkọ lórí NIN, nítorí pé ó ti wọlé ọkọ láàárín. Kọ̀ǹpútà ní èèyàn mẹ́ta ni. Ẹni tó bá jókòó fún ọjọ́ kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo á mọ̀ pé àwa Yorùbá kì í jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Àwọn àgbà tún ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ni mo máa ń rántí tí mo bá ń ronú nípa òṣìṣẹ́ ọba tó bá ara rẹ̀ nípò ẹlẹ́rù. Àṣẹ tó ti òkè wá lè má pé, ó lè ní kùdìẹ̀kudiẹ. Ẹni tó jẹ́ ẹrú á jẹ́ ẹ bó ṣe gbọ́ ọ. Ọmọ á ro ohun tí bàbá ní lọ́kàn, á tún un ṣe lójú ọ̀nà, kí ó tó débi tí wọ́n rán an. Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé iṣẹ́ ìjọba wa? A ó fún un ní ẹrù láìfún un ní àṣẹ. Tàbí kí a fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló mọ páásìwọ́ọ̀dù, tí kóńtírátì bá sì parí, kò sẹ́ni tó lè ṣílẹ̀kùn mọ́. Tàbí kí a gbé ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn, nítorí pé àkókò tó láti gbé e.

Mo ti fojú rí irú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ọ́fíìsì kan níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì wò. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà. Wọ́n ti gbé gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí rẹ̀ kí wọn dáadáa, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ímeèlì yín?" Ìyá Tíṣà ní, "Ọmọ mi, n ò ní in o." Ó ní kọ̀ǹpútà kò ní jẹ́ kí òun kọjá láìkọ nǹkan síbẹ̀. Àánú wọn ṣe é, ó sì fi ímeèlì ti ara rẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, owó Ìyá Tíṣà dúró. Ọ́fíìsì ti fi ìsọfúnni ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá jẹ́rìí sí nǹkan kan, orí ímeèlì ọmọkùnrin yẹn ló lọ. Ọmọ náà sì ti parí iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tó wá ṣe, ó ti lọ. A dé yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n ní agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ọ wà ní Èkó. A pe agbaṣẹ́ṣe, ó ní ohun tí ọ́fíìsì ní kí òun fi síbẹ̀ lòun fi síbẹ̀. A lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá ní láti òkè ni ètò náà ti wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó hùwà burúkú sí wa. Wọ́n fún Ìyá Tíṣà ní àga, wọ́n fún wọn ní omi.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ ògiri ló gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn, ó ní, "Mà, ẹ bá mi tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa sọ ohun tí ẹ rí fún mi." Ó mú bébà, ó ń kọ ọ́. Ó béèrè iye àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ní ímeèlì. Ìyá Tíṣà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ béèrè àwọn tó ní in." Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í sípò kankan, kò sì sí àfikún owó lórí rẹ̀. Nígbà tí a padà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà kò fi dandan lé ímeèlì mọ́. Nọ́ńbà fóònù ti tó, wọ́n sì ń pe èèyàn lóhùn, lédè Yorùbá, kí wọ́n tó dá owó ẹnikẹ́ni dúró.

Mo wá ọ̀dọ́mọbìnrin náà láti dúpẹ́. Tábìlì rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka ọkọ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn. Mo bi ọ̀gá pé ta ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo tábìlì náà, ó wò mí, ó ní wọn ò tíì fi ẹnì kankan síbẹ̀.